Bàbá Ìmọ́lẹ̀ Clonsilla

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀, Sísítà Mipọ̀sí. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé ọba mẹ́rin ló gúnwà síbi tí ẹ ń gbá yẹn?"

Ọba mẹ́rin tí Díákónì Oyèbánjí ń wí kì í ṣe ènìyàn. Bátìrì gbàǹgbà mẹ́rin ni, tí ìjọ wọn ní Clonsilla, ní ìlú Dublin, rà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìjì mú iná àdúgbò lọ láàárín ìwàásù, tí gbogbo ìjọ fi òkùnkùn ṣe àmín. Bí iná bá tún lọ, àwọn ni yóò máa gbé gílóòbù, dùùrù àti gbohùngbohùn. Oyèbánjí ní òun ti kọ́ṣẹ́ iná rí ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi ìtọ́jú wọn lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni etí ìjọ kò ti sinmi mọ́.

Oyèbánjí, arìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-ru-òpó-iná. Ọkọ mítà, àna wáyà. Ó ní kí wọ́n máa fi Ẹnjiníà ṣáájú Díákónì. Ó rán aṣọ léèsì funfun bo àwọn bátìrì. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí àwọn akọrin bá ń dánra wò, yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò ṣí léèsì náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìbòjú ìyàwó, yóò fi ẹnu mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kan orí bátìrì kọ̀ọ̀kan, yóò sì ké nọ́ńbà rẹ̀ sókè ju orin lọ. "Wọ́n kún dẹ́nu," ni yóò wí.

Mipọ̀sí, olórí akọrin, bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ti pa iná rí kí àwọn bátìrì náà ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀.

"Sísítà mi, ohun tó bá dára, ìpamọ́ là ń pa á mọ́. Nílé, àlòjù ló ń pa bátìrì. A kì í di ẹrù lé ọba lórí nítorí àti mọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe le tó."

Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Nílé, iṣẹ́ ni bátìrì ń ṣe kú. Ohun tí kò yé e ni pé ní Dublin, níbi tí iná kì í sábà lọ, ìjókòó lásán ni ikú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bátìrì tó ti rọ a máa fi nọ́ńbà tó wuyì hàn lójú mítà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá gbé nǹkan kan. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ra ẹṣin a gùn ún kó tó fi yangàn. Ti Oyèbánjí kò kúrò níbùjẹ rí.

Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ ń bọ̀, wọ́n pinnu láti fi Oyèbánjí jẹ Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Oorun kúrò lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Adékúnlé, tó wà ní Ìbàdàn, ni kò jẹ́ kó sùn, nítorí láti ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n náà ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé àárín ọ̀nà ni àbúrò òun ti sá kúrò nídìí iṣẹ́ iná. Oyè yìí ni yóò pa á lẹ́nu mọ́. Oyèbánjí ní kí Bọ́sẹ̀, ìyàwó rẹ̀, fi fídíò fóònù pe Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jókòó kí wọ́n wo òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Pásítọ̀ Ọláníyọnu kò tíì la ẹnu tán tí Oyèbánjí fi gba gbohùngbohùn. Ó ní òun kò ní fi ẹnu lásán jẹ oyè. Ó ní kí Mipọ̀sí, àní Mipọ̀sí gan-an, lọ pa iná ìlú.

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ọba kì í ṣubú lójú aráàlú. Ẹ pa á."

Mipọ̀sí pa á. Iná kò mì. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Oyèbánjí fa agbádá rẹ̀ sókè.

"Èmi Oyèbánjí, ẹni tí ìmọ́lẹ̀ kì í kú lọ́wọ́ rẹ̀..."

Gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Ohun kan ń ké píì-píì lábẹ́ léèsì.

"Dad," ni Tẹ́ní, ọmọbìnrin rẹ̀ tó dàgbà sí Dublin, níbi tí wọ́n ti ń pe nǹkankínǹkan ní yoke, wí láti ìjókòó iwájú, "is that yoke meant to be doing that?"

Gbọ̀ngàn náà kò ní fèrèsé. Òkùnkùn ṣú bò wọ́n. Ohùn Oyèbánjí, tí kò ní gbohùngbohùn mọ́, wá kéré bí ti ẹnikẹ́ni.

"Ó kún lọ́jọ́ Ẹtì. Mítà mi jẹ́rìí."

Fóònù Bọ́sẹ̀ nìkan ló ń tàn, láti inú rẹ̀ ni ohùn Adékúnlé sì ti jáde, ketekete:

"Oyèbánjí, ṣé iná ti ń lọ ní ìlú òyìnbó náà ni?"

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ gbà á, títí kan Ìbàdàn. Pásítọ̀ fi àpò ìwé oyè bo ẹnu, ó dúró kí ẹ̀rín tirẹ̀ rọlẹ̀.

"Díákónì, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ní ohun tó bá dára, ìpamọ́ ni. A ó pa oyè náà mọ́ ná."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Oyèbánjí wọ sílípáàsì, ó wọ́ bíìnì ìdọ̀tí jáde sí ẹ̀bá títì. Ará ilé kejì, òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ síbi iṣẹ́, bi í bí àjọ̀dún wọn ṣe lọ sí.

"Grand," ni Oyèbánjí wí, bí àwọn ará Dublin ṣe ń wí pé dáadáa ni, ó sì padà wọlé lọ gbé omi tíì kaná.