Kọ̀ǹpútà Caleb Tí Kì í Sọ Pé Rárá

Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Jubilee kọjá rí ní Ìkàrẹ́, ẹ ti rí pátákó Caleb Olúkòjú. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é tí ẹ kò ní rí i, nítorí pátákó náà ga ju ṣọ́ọ̀bù tí ó ń polówó lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: "Ẹnjiníà Dókítà Caleb, Ọ̀gá Pátápátá Lórí Kọ̀ǹpútà, Àkókó àti Gbogbo Agbègbè Rẹ̀."

Dókítà yẹn, kò sí yunifásítì tó fún un. Caleb ló fún Caleb, lọ́jọ́ tó tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìwé kan ṣe, tí ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ fún odindi wákàtí mẹ́ta.

Ẹ má rò pé kò mọ nǹkan kan o. Ó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Àmọ́ díẹ̀ yẹn ló ń rìn káàkiri Ìkàrẹ́ bí ẹni dé adé. Ènìyàn ò gbọdọ̀ kí i ní "Ọ̀gá Caleb" lásán. Bí ẹ bá sọ pé "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀," yóò dúró, yóò retí kí ẹ fi Dókítà kún un. Bí ẹ bá sì bi í léèrè ìgbà tí iná mànàmáná yóò dé, yóò ní, "Mo ń kọ ètò kan lórí rẹ̀ lọ́wọ́."

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Ọkà kan tó ń gbé ní Kánádà fi ogójì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìwárò Ọkà. Ogójì géérégé làwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹyọ kan fún ẹnì kan. Kò tún yẹ kí ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Màmá Zipporah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti mú ìwé rẹ̀ jáde láti máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Caleb gbọ́ ní Ìkàrẹ́. Ó gun ọ̀kadà, ó dé Ọkà kí ọbẹ̀ ọ̀sán tó hó.

"Ìwé kẹ̀, màmá?" Ó fọwọ́ nu ojú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. "Bí àjèjì bá dé tó ní òun jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kó orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá wá, a ó tẹ orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á fi wé ti ẹni kìíní, á fi wé ti ẹni kejì, títí á fi kan ogójì. Bí ó bá rí ẹyọ kan tó bá a mu, á ní, 'Ó wà níbẹ̀!' Bí kò bá rí, á ní, 'Kò sí níbẹ̀!'"

"Ogójì èèyàn ni wá, Caleb," ni màmá wí. "Mo mọ ìyá oníkálukú wọn."

"Ẹ̀yin lè gbàgbé, mà. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Alága ẹgbẹ́, Alhaji Badmus, kò gbọ́ nǹkan mìíràn nínú gbogbo rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. "Ṣé lóòótọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ, sà. Ọ̀fẹ́ sì ni mo máa ṣe é."

Màmá Zipporah gbójú sókè nígbà tó gbọ́ "ọ̀fẹ́". Ṣùgbọ́n alága ti fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ètò tí Caleb kọ́kọ́ kọ dára. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ orúkọ Alhaji. "Ó wà níbẹ̀!" Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. "Kò sí níbẹ̀!" Ohùn ara rẹ̀ ló gbà sínú ẹ̀rọ náà, tó fi imú sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé. Ó dun Caleb pé ohùn òun fúnra òun ló ń lé òun síta.

Nítorí Caleb ti ṣèlérí. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀, Happiness, pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ wá sílé. Ó ti sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Rachel ní Ògbàgì, pé tirẹ̀ náà ń bọ̀. Ó sì fẹ́ ẹ̀kẹta fún ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tó gbìn láyé rẹ̀, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Kò lè fi orúkọ mẹ́ta kún ogójì. Màmá á kà á, á sì rí i pé ó di mẹ́tàlélógójì. Caleb wá ronú. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má wo odindi orúkọ mọ́, kó wo ìdajì. Màmá Rachel wọlé, Happiness kò wọlé. Ó ní kó wo lẹ́tà mẹ́ta. Happiness ṣì wà níta. Ó ní kó wo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ péré. Bí méjèèjì bá ti wà níbikíbi nínú orúkọ ẹnikẹ́ni, kó gbà á wọlé.

"Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀!"

Inú Caleb dùn débi pé ó jó yípo àga. Àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ló dán wò.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, gbogbo èèyàn pé sí pápá ní Ìwárò. Wọ́n to ogójì ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin. Caleb wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì gbé àmì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì: "Ẹ má bá Dókítà sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́."

Alhaji kọ́kọ́ wá. "Ó wà níbẹ̀!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Happiness wá, ó gba tirẹ̀. Màmá Rachel wá láti Ògbàgì, ó gba tirẹ̀. Caleb tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó sì bojú wo òkè bí ẹni tí ẹnu yà. "Ó wà níbẹ̀!"

Ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀, Rufus, ọmọ Ṣúpárè, tó gbé èrò wá. Ó ń ṣàwàdà ni. Ó ní, "Ẹ bá mi tẹ Rufus."

"Ó wà níbẹ̀!"

"Háà! Wọ́n mọ̀ mí níbí!" Rufus gbé ẹ̀rọ kan sórí ọ̀kadà rẹ̀.

Báyìí ni ìròyìn ṣe tàn. Àwọn tó wá ra epo tò sórí ìlà. Àwọn ará Ikaram tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lójú títì tò sórí ìlà. Kọ̀ǹpútà ń kí gbogbo wọn káàbọ̀. Ẹ̀rọ tó kù sílẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣì wà lórí ìdúró, tí ẹ̀gẹ́ wọn ń rà nílé.

Màmá Zipporah dìde. "Alhaji, ẹ ní kí wọ́n ti géètì."

Wọ́n ti géètì kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ jáde. Ó rìn lọ sídìí tábìlì.

"Caleb, ta ni Rufus?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

"Ó dáa. Tẹ 'ewúrẹ́' fún mi."

Caleb rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ pé òun kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó wà níbẹ̀!"

Ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ògiri gbójú sókè.

"Tẹ 'àdá'."

"Ó wà níbẹ̀!"

"Àdá mi ti di ọmọ ẹgbẹ́!" ni àgbẹ̀ kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ fún un ní tirẹ̀!"

"Wàyí o," ni màmá wí, "má tẹ nǹkan kan. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí o tẹ bọ́tìnì."

Òógùn bo Caleb. Ó tẹ bọ́tìnì.

"Ó wà níbẹ̀!" ni ohùn imú náà ké, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rín bú. Alhaji Badmus nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó ń wò yíká, ó ń wá ẹni tí kọ̀ǹpútà kí.

Màmá kò tíì parí. Ó fa abala ìwé kan yọ láti inú àpò rẹ̀. "Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú èyí. Àwọn tí a mú lóko olóko lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń hú ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Yọ orúkọ tiwa kúrò, kó àwọn wọ̀nyí nìkan sínú kọ̀ǹpútà, kí o tẹ orúkọ ara rẹ."

"Màmá, kò pọn dandan..."

"Tẹ̀ ẹ́!" ni gbogbo pápá wí.

Ó kó wọn sínú rẹ̀: Sunday, Gbénga, Lucas. Ó tẹ Caleb.

"Ó WÀ NÍBẸ̀!"

"Olè!" ni ẹnì kan ké.

Caleb fò sókè. "Irọ́ ni! Èmi kì í ṣe olè! Ẹ wò ó, lẹ́tà méjì péré ló ń wò! 'C' àti 'a' inú Lucas ló rí! Kò yẹ kó gbà bí odindi orúkọ kò bá bá ara mu!"

"Ta ló wá sọ fún un pé kó máa wo méjì?" ni Màmá Zipporah béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni bi ọmọ kíláàsì kejì.

"Èmi ni! Lánàá ni mo yí i padà, kí Happiness lè..."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo Ìwárò ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Màmá Rachel rọra gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Wọn kò nà án. Ohun tí Alhaji sọ ni pé kó gbé gbogbo ẹ̀rọ padà sí ààyè wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bọ́ kóòtù kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìwé Màmá Zipporah lé e lọ́wọ́ pé kó máa pe ogójì orúkọ náà, ti bàbá àti ti ìyá, láìgé ọ̀kankan kúrú. Bó bá ṣi ọ̀kan pè, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ní kó tún un pè. Ó ṣi mẹ́tàdínlógún pè.

Nígbà tó pe ogójì tán, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Ó tọ Theresa lọ, ìyá tó ń pín omi fún àwọn èèyàn lẹ́bàá géètì, ó na ọwọ́.

Theresa di ife mú. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Orúkọ yín ńkọ́, sà? Odindi ni kí ẹ pè é o."

"Caleb," ni ó wí. Ó wo ife omi náà. "Caleb Olúkòjú."

Theresa ṣì ń retí bóyá Dókítà tàbí Ẹnjiníà wà níwájú orúkọ náà. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó fún un lómi.