Kẹ̀kẹ́ Tó Sáré Ju Ìkíni Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Odídẹ fi ń pa á lówe pé a kì í gba ìkíni lẹ́nu ẹni tí òkè ń gbé sọ̀ kalẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má purọ́, mo ń wo ojú yín. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé Baálẹ̀ mutí lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ ò mutí. Ì bá sàn ká ní ó mutí.

Orí òkè ni ìlú wa wà, igbó ló sì yí i ká. Bí ẹ bá dúró nísàlẹ̀ wò ó, ìrókò àti àràbà lẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí páànù ilé kan. Ọ̀nà tó gba àárín ìlú sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò ga débi pé ewúrẹ́ pàápàá máa ń dúró sinmi níbẹ̀. Má-Wẹ̀yìn là ń pè é. Ilé márùn-ún ló wà létí rẹ̀, odò ló sì parí ẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Mojírádé sí. Tíṣà ni ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, orí kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹ ó ti bá a. Òun àti ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ á gba inú igbó, wọ́n á gba orí òkè, wọ́n á máa wo ewé, wọ́n á máa wo ẹyẹ. Ìyá rẹ̀ bi í nígbà kan pé, "Ibo lẹ wá ń lọ gan-an?" Ó ní, "A kàn ń lọ ni, Màámi." Ìyá ní, "Ọlọ́run á là yín lójú."

Mojírádé wò ó pé ilé tó ń tì pa ní Òkè-Odídẹ ti ń pọ̀ ju èyí tó ń ṣí lọ. Ó wá la ọ̀nà kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀: wọ́n á gba oko kòkó wọlé, wọ́n á gba inú igbó ìlú gòkè, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á gba Má-Wẹ̀yìn lọ sódò. Àwọn méjìlá ti múra tán. Àwọn tó fẹ́ gba àlejò sílé ti ń kun ògiri. Ó wá ku kí Baálẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Baálẹ̀ Arógundádé ò le, ẹ má bú u. Ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan ni kì í gbójú fò. Ó lè dárí ji ẹni tó jí i níṣu, ṣùgbọ́n kò lè dárí ji ẹni tó jí i níṣu láì kí i.

"Mojírádé," ló wí, "àlejò dára. Ṣùgbọ́n àwọn oníkẹ̀kẹ́ rẹ yìí, ṣé wọ́n máa ń kí èèyàn?"

"Wọ́n ń kí èèyàn, Bàbá."

"Lórí ìjókòó, àbí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀?"

"Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, Bàbá."

"Ní gbogbo ilé?"

"Ní gbogbo ilé."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ fúnra rẹ gùn ún ká rí i. Bí o bá kí ilé márààrún bó ṣe yẹ, ọ̀nà ti di tiyín. Bí o bá fo ẹyọ kan, kí wọ́n wá igbó ẹlòmíì gbà."

Sátidé pé. Mojírádé dé akoto, ó dúró lókè pátápátá. Ó ti kọ́ gbogbo ìkíni náà sórí, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkíni wa kì í ṣe ẹyọ kan fún gbogbo ayé. Ó tẹ kẹ̀kẹ́, ó forí lé ìsàlẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé kìíní, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, ó fa bíréèkì kó lè dúró. Wáyà bíréèkì já. Ó fa ti kejì. Ìyẹn ti já ṣáájú, òun ni kò mọ̀.

Ó kọjá lára àwọn oníkòkó bí ọfà, "Yéè!" nìkan ló sì rí sọ.

Ó rántí àdéhùn. Ó ní kí òun má jẹ gbèsè ìkíni, ó bá lanu, ó pariwo, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Iṣẹ́ á mérè wá o!" Àmọ́ ó ti dé ilé kejì nígbà yẹn. Lábẹ́ igi odán tó wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló ń ta ayò láti òwúrọ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni àwọn ìyàwó wọn fẹjọ́ wọn sùn pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀kan dìde, ó ní, "Ṣé àwa ló ń bú?"

Mojírádé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ìkíni atayò, èyí tí wọ́n fi ń kí ọ̀ta tó mọ ayò àti ọ̀pẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. "Mo kí ọ̀ta! Mo kí ọ̀pẹ́ o!" Ilé kẹta ló bọ́ sí. Ìbejì ni wọ́n bí níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀, Yèyé Ìbídùnní, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, gbé àwọn ọmọ náà sẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Yèyé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Èwo ló pè ní ọ̀pẹ́ nínú wọn?"

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò wọ́n!" Ilé kẹrin nìyẹn, ilé Lúùkù káfíńtà. Lúùkù ò tíì gbéyàwó. Bàbá rẹ̀ tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, Tinúadé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì wá bá a fọ abọ́ àlejò. Tinúadé gbé abọ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Lúùkù, ọmọ wo?"

"Èmi ò mọ̀."

"Kẹ̀kẹ́ ń sáré bọ̀ látòkè, ó ń kí ọ kú ewu ọmọ, o ò mọ̀?"

Baálẹ̀ ló wà níwájú ilé karùn-ún, lórí àga, pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ó ti tún ojú ṣe de ìkíni tirẹ̀. Ohun tó dé bá a ni, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Bàbá! Ẹ̀yìn òkú á dára o!"

Baálẹ̀ fò dìde. "Ta ló kú nílé mi?" Ó wọlé lọ ka àwọn ìyàwó rẹ̀. Wọ́n pé. Ó tún wọn kà.

Mojírádé ti dé odò. Bó ṣe ń fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú omi ni ìkíni Baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Kí ẹ̀mí yín gùn o, olórí wa!" Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ló gbà á.

Gbogbo ìlú rọ́ lọ sódò. Àwọn atayò ń bínú, Lúùkù ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ búra. Mojírádé jókòó sétí omi, ara rẹ̀ tutù rinrin, ó ń sunkún. Kì í ṣe orúnkún tó bó ló ń sunkún sí. Àwọn méjìlá tí kò ní wá mọ́ ló ń rò. Ó gbé wáyà tó já sókè fún Baálẹ̀.

Baálẹ̀ wò ó. "Wáyà ló já. Ẹnu rẹ ò já."

"Bàbá, òkè ló ń gbé mi lọ."

"Òkè wo? Nígbà èwe mi, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ̀kẹ́ nílùú yìí àfi èmi. Láti òkè dé odò ni mo máa ń kí èèyàn, tọkọtaya, tọmọdé tàgbà. Ẹ tún nǹkan yìí ṣe, kí n fi hàn yín."

Lúùkù rí wáyà tuntun so mọ́ ọn, bíréèkì sì mú ṣinṣin. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ gòkè, Baálẹ̀ ká agbádá sí èjìká. Mojírádé ní, "Bàbá, ẹ dákun, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa bíréèkì eléyìí o."

"Ta ló ń kọ́ ta ní kẹ̀kẹ́?"

Ó gbéra. Ní ilé kìíní, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníkòkó!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá fẹ́ rọra dúró, ló bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn, torí bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ṣe ń dúró. Pẹ́dàlì yí lófìfo. Ó tún un tẹ̀. Eré kẹ̀kẹ́ kàn ń pọ̀ sí i ni.

"Bàbá, ọwọ́! Ẹ fọwọ́ fà á!" Etí ò gbọ́ mọ́. Agbádá ti tú, afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀. Ó kọjá níwájú àwọn atayò, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n-ẹ́n!" Kò sì sẹ́ni tó mọ èsì rẹ̀.

Níwájú ilé kẹta, Yèyé Ìbídùnní ti bọ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ kó lè ríran dáadáa. Láti ọjọ́ tí Baálẹ̀ ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí rí láì dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ojú gbogbo wa báyìí, ó ké pé:

"Ìbídùn! Kúrò lọ́nà!"

Ìbídùn! Láìsí Yèyé, láìsí ẹ̀gbọ́n mi, láìsí ẹ jọ̀ọ́! Yèyé yà. Fìlà Baálẹ̀ bọ́ sílé Lúùkù, òun fúnra rẹ̀ bọ́ sódò. Pẹ́pẹ́yẹ fò lọ.

Yèyé rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, kó, kó, kó, ọ̀pá ń dún. Ó dúró létí omi.

"Ta lo pè ní Ìbídùn?"

Baálẹ̀ ò dìde. Inú omi tó wà yẹn náà ló ti dọ̀bálẹ̀, omi dé e lágbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. A kì í gba ìkíni lẹ́nu ẹni tí òkè ń gbé sọ̀ kalẹ̀."

Yèyé wò ó títí. Ó fẹ́ le, kò lè le. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀, gbogbo wa bá a rín in. Àwọn atayò ló fa Baálẹ̀ jáde.

Bó ṣe ń fún agbádá rẹ̀ ló pe Mojírádé. "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gba Má-Wẹ̀yìn gòkè. Ẹni tó bá ń gòkè, kó kí wa, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn, àyè á sì wà. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni kó lù, àwa la ó máa kí i."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwọn méjìlá dé, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ gòkè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń kí ilé dé ilé. Àwa ń fún wọn lómi, a ń bó ọsàn fún wọn. Kí wọ́n tó dé òkè, wọ́n ti mọ orúkọ ọmọ gbogbo wa. Nígbà kejì, wọ́n di ọgbọ̀n. Ilé mẹ́ta tó ti tì pa ti ṣílẹ̀kùn.

Èmi náà ti fi òwe yìí ṣèwà hù. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa sáré kọjá níwájú mi láàárọ̀, kò bojú wò mí. Mo ti ń múra ìbínú sílẹ̀. Òwe yìí sọ sí mi lọ́kàn, mo gbẹ́nu dákẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó mi ló ń rọbí. Ó ti bí o, obìnrin ni." Ẹ wò ó, bí mo bá ti bú u láàárọ̀, ẹnu wo ni ǹ bá fi kí i kú ewu ní ìrọ̀lẹ́?

Torí náà, bí èèyàn bá fò yín dá lọ́nà, ẹ yà fún un, kó kọjá ná. Á délẹ̀, á padà wá kí yín. Kì í ṣèèyàn burúkú. A kì í gba ìkíni lẹ́nu ẹni tí òkè ń gbé sọ̀ kalẹ̀.