Irun Tí Rédíò Gẹ̀

Tíṣà jókòó sórí àga onígbàjámọ̀. Apá kan orí rẹ̀ ti mọ́, apá kejì ṣì rí jágajàga. Lọ́sàn-án yìí gan-an ló fẹ́ lọ fojú han bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Rédíò sátẹ́láìtì ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Lójijì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó pòórá. Kílípà tí onígbàjámọ̀ fi ń gẹ irun náà dúró.

"Ọ̀gá, kí ló dé?"

"Rédíò ti dákẹ́, Tíṣà. Ọwọ́ mi kì í rìn láìsí rédíò. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àna mi ń retí mi!"

Onígbàjámọ̀ gbá rédíò létí.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè ló fà á."

"Afẹ́fẹ́ wo? Inú ilé ṣáà la wà."

Tíṣà gbàgbé orí ara rẹ̀. Ó na ìka sókè.

"Òkè réré ni sátẹ́láìtì wà. Ohùn tó ń rán bọ̀ gbọ́dọ̀ la afẹ́fẹ́ kọjá. Oòrùn sì ti da afẹ́fẹ́ òkè yẹn rú: ó ki níhìn-ín, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Ohùn náà á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Bí àwọn tó pín bá tún pàdé, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan, rédíò á ké. Bí wọ́n bá ń bára wọn jà, á dákẹ́."

"Bíi tèmi àti ìyá àwọn ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́!"

"Ta ló wá ń parí ìjà fún wọn lókè yẹn?"

"Kò sí. Ó máa ń tán fúnra rẹ̀ ni."

"Nígbà wo?"

"Ó lè jẹ́ nísinsìnyí. Ó lè di alẹ́."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ó yé mi wàyí." Onígbàjámọ̀ gbé kílípà kalẹ̀, ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

"Ká dúró kẹ̀? Ọ̀gá, ẹ dákun!"

Rédíò tún ké lójijì. Onígbàjámọ̀ fò dìde, ó gbé kílípà. Ohùn ròkè, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wọlé. Ohùn rẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fò sókè. Ohùn tún ròkè.

"Ẹ rọra! Orí ni o!"

"Ẹ bá afẹ́fẹ́ sọ ọ́."

Ìgbà tó ṣe, onígbàjámọ̀ gbé dígí sí i níwájú. Tíṣà wo apá kejì orí rẹ̀: òkè kan, kòtò kan, òkè kan, kòtò kan.

"Mo gbé! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àna mi?"

"Ẹ ṣàlàyé fún wọn bí ẹ ṣe ṣàlàyé fún mi. Bó bá yé wọn, ẹ ti níyàwó nìyẹn."

"Bí ò bá yé wọn ńkọ́?"

"Ẹ pa dà wá, ká fá gbogbo ẹ̀ kodoro." Onígbàjámọ̀ gbọn aṣọ tó wà lọ́rùn Tíṣà nù. "Tó bá jẹ́ abẹ ni, mi ò nílò rédíò."