Ewùrà Tó Di Áyọ́ọ̀nù

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, Tíṣà Theophilus ni wọ́n pè lẹ́jọ́, òun tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísìrì n'Ìjagun láti ọdún mẹ́tàlá. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ìtìjú.

Ìyá Ikhlas tí wọ́n jọ ń gbélé gbé ewùrà kan kalẹ̀. Kò ju ìkúùkù lọ.

"Bàbá, ewùrà tí mo yá tíṣà tó orí màlúù! Ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Èyí ló dá padà. Ọ̀la làwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ń bọ̀ láti Ayépé. Kí ni n ó fi se ìkókorẹ́ fún wọn?"

"Tíṣà, kí lo rí sọ?"

"Bàbá, mi ò jí i. Mo fi ṣe sódíọ̀mù ni. Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù tóbi ju ti kulorínì lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ ta kulorínì lọ́rẹ, ó di áyọ́ọ̀nù, á súnkì. Kulorínì tó gbà á ló máa wú. Wọ́n á wá so pọ̀, wọ́n á di iyọ̀. Ewùrà yìí ṣoore ni."

Theophilus gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ, àánú ara rẹ̀ ṣe é.

Wọ́n pe Albert, ẹlẹ́rìí rẹ̀, tó ń bá a tọ́jú yàrá kẹ́mísìrì.

"Mi ò rí tíṣà kó rin ewùrà kankan."

"Kí lo wá rí?"

"Ó ń jẹ ìkókorẹ́."

"Ta ló rin ín?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọwọ́ ṣì ń yún mi."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ tẹjú mọ́ ikùn tíṣà.

"Ẹni tó gbà ló ń wú. A ti rí kulorínì. Tíṣà, sódíọ̀mù àti kulorínì tó so pọ̀ yẹn, kí ló lè yà wọ́n?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n bi tíṣà ní ìbéèrè, ṣé ó lè dákẹ́? Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn.

"Omi ni, Bàbá! Tí iyọ̀ bá ti yọ́ sínú omi, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ."

"O káre. Lónìí, wàá ra ewùrà méjì tó tó orí màlúù fún ìyá yìí. Ìwọ náà ni wàá rin ín. Láti òní lọ, ìwọ àti páànù tí ìyá yìí fi ń rin ewùrà ti so pọ̀, láràárọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ nìkan ló lè yà yín."

Theophilus gbójú sókè. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.