Ọ̀rá Ara Kúlà Àmọ̀dá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi jà: Àmọ̀dá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń kírun, ó ń tọ́jú aya àti ọmọ, kì í sì í fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a fínra. Bó bá ra nǹkan tuntun, kì í tú u kúrò nínú ọ̀rá.

Tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ ní Joju, ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn níbẹ̀, àfi bíi pé abẹ́ omi ló ti ń kà á. Àga ìjókòó pàápàá, inú ọ̀rá ló wà. Bí àlejò bá jókòó, àga á ké; bó bá sì fẹ́ dìde nígbà tí oòrùn mú, itan rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á máa rọra bó o kúrò lórí àga. Fìlà tó ń dé lọ sí yídì, bébà tí wọ́n so mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù ṣì ń fì lẹ́bàá etí rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé tuntun ni?"

Àmọ̀dá wá ní píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń gbé ẹrù jẹun. Ọkọ̀ náà ti dàgbà o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n wà á wọ Nàìjíríà ti di ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ó sì ní tọ́bò, ìyẹn fáànù kékeré tó ń fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára. Nítorí tọ́bò yìí, kò sẹ́ni tó ń sinmi ní ibùdó àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Kí Àmọ̀dá tó kí ọ pé ẹ káàárọ̀, á ti sọ fún ọ pé ọkọ̀ òun ní tọ́bò. Wọ́n bá kúkú sọ ọ́ ní Tọ́bò. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an.

Ọ̀rọ̀ dàrú lọ́jọ́ tí Hájíà Ràbíátù, ìyá àgbà tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ tà ní Ilo-Awela, sọ pé òun ń wá awakọ̀ kan tí yóò máa gbé ẹrù òun lọ fún àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ní Adó-Odò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ gidi! Ẹni tó bá rí i gbà ti bọ́ lọ́wọ́ kéèyàn máa dúró nínú oòrùn de oníbàárà. Àwọn méjì ni Hájíà ń wò: Àmọ̀dá, àti Fákọ̀yà tí ọkọ̀ tiẹ̀ ò tilẹ̀ ní tọ́bò rárá, tó jẹ́ pé bó ṣe ń lọ ló ń wúkọ́.

Bí Àmọ̀dá ṣe gbọ́, ọ̀dọ̀ Ṣótúndé mẹkáníìkì ló gbà lọ. Ó fẹ́ nǹkan tí yóò fi ju Fákọ̀yà lọ pátápátá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi intakúlà sí i," ni Ṣótúndé wí. "Atẹ́gùn tí tọ́bò ń fẹ́ máa ń gbóná, èyí tó bá sì gbóná kì í lágbára. A máa gbé kúlà síwájú ràdíétọ̀ tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù. Atẹ́gùn tọ́bò á gba inú ẹ̀ kọjá, atẹ́gùn ìta á mú un tutù, kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó sì rí i bí ọkọ̀ á ṣe máa fà."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àmọ̀dá ní. "Ṣé ó máa hàn síta?"

Owó kúlà ò sí nílẹ̀. Àmọ̀dá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá fíríìjì. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe fíríìjì tí wọ́n ń kó ọbẹ̀ sí lásán o. Inú ẹ̀ ni Hajarat ìyàwó rẹ̀ ń kó zóbò sí, tó ń tà níwájú ilé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Bàbá Kúdí," ni Hajarat wí, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn fíríìjì mú gírígírí, "ẹ fẹ́ ta ohun tó ń mú nǹkan tutù nínú ilé, kí ẹ fi ra ohun tó ń mú nǹkan tutù nínú ọkọ̀?"

"Ìyá Kúdí, ro ó dáadáa. Ìgbà tí mo bá gba iṣẹ́ Hájíà, onílẹ̀kùn méjì ni màá rà fún ẹ. Wàá máa ṣí ọ̀kan, wàá máa ti ọ̀kan."

"Bí ẹ ò bá wá rí iṣẹ́ ọ̀hún gbà ńkọ́?"

"Èmi? Èmi Tọ́bò?"

Bí fíríìjì ṣe lọ nìyẹn. Zóbò Hajarat wá di ohun tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn oníbàárà mu ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra gbé ike sílẹ̀, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn ń ka ọjọ́ tí Hájíà máa mú awakọ̀, torí ọjọ́ náà nìkan ló lè dá ọjà rẹ̀ padà.

Kúlà dé! Tuntun, ó ń dán gbinrin, wọ́n fi ọ̀rá wé e látòkè délẹ̀, wọ́n sì lẹ ìwé pupa kan mọ́ ọn tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ. Àmọ̀dá ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Agbára ńlá." Ta ló fẹ́ jà á níyàn? Ṣótúndé gé iwájú ọkọ̀ kí kúlà lè jókòó dáadáa, ó so páìpù mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, ó wá mú abẹ kó fi ya ọ̀rá.

"Má fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ̀gbọ́n, atẹ́gùn ò ní ráyè kọjá o."

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé inú ẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà? Kí ló wá kan ọ̀rá tó wà lóde? Jẹ́ kí ayé kọ́kọ́ rí i. Màá tú u tó bá yá."

Ṣótúndé ju abẹ sínú àpótí irinṣẹ́. "Mo ti sọ tèmi o."

Ní ibùdó, Àmọ̀dá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu kí àwọn èèyàn lè wá kí kúlà kú oríire. Fákọ̀yà náà wá wò ó. Ó yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún nàró.

"Tọ́bò, kí ló dé tí o fi ọ̀rá di ọkọ̀ nímú?"

"Ìlara lásán nìyẹn! Lọ́la tí Hájíà fẹ́ dán ọkọ̀ mi wò, tí mo bá gbé e kọjá, èéfín mi nìkan lo máa rí. Kó o yáa kí i dáadáa."

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n di àpò oúnjẹ adìyẹ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Hájíà fúnra rẹ̀ jókòó síwájú, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Títí wọ́n fi kọjá Àtàn, ẹnu Àmọ̀dá ò dákẹ́. Ó ní ọkọ̀ òun ń mí atẹ́gùn ọyẹ́ nínú ooru. Ó ní bí òun ò bá tẹ bíréékì, ó ṣeé ṣe kí àwọn bá ara àwọn ní Kùtọnu.

Òkè kan bá yọ níwájú.

"Hájíà mi, ẹ di ìborùn yín mú o. Mi ò fẹ́ kó fò lọ."

Hájíà di ìborùn mú. Àmọ̀dá tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ké, ó ké, ó ké, ìborùn ò mì rárá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé àwọn ìyá ọlọ́jà yọ wọ́n sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sì juwọ́ sí wọn. Bàbá arúgbó kan tó ń fa ewúrẹ́ lẹ́bàá títì lé wọn bá. Ó kí Hájíà, Hájíà dá a lóhùn. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ọjà, ó béèrè àlàáfíà ọkọ, wọ́n ṣì jọ wà níbẹ̀. Ìgbà tí bàbá ò rí ohun tó máa béèrè mọ́, ó dágbére, òun àti ewúrẹ́ rẹ̀ bá kọjá lọ síwájú.

"Àmọ̀dá, kí ló ń rùn?"

"Òórùn tuntun ni, Hájíà. Bí gbogbo nǹkan tuntun ṣe máa ń rùn nìyẹn."

"Èéfín tó ń yọ níwájú yẹn ńkọ́?"

Òógùn ti bo Àmọ̀dá. "Ó... ó ń tutù ni, Hájíà. Ẹ ò rí i bí yìnyín náà ṣe máa ń rú èéfín?"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí rọ́bà ràdíétọ̀ fi bẹ́, gbàù! Omi gbígbóná tú síta. Hájíà Ràbíátù, tí wọ́n máa ń di lọ́wọ́ mú kó tó sọ̀ kalẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fò bọ́ọ́lẹ̀, ó sì sáré dé ibi tí bàbá ewúrẹ́ wà.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà wá. Àmọ̀dá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rá ti yọ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ nísàlẹ̀, tòkè ṣì ń dán. Kò sí atẹ́gùn tó ráyè dé ara kúlà, ràdíétọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò sì rí èyí tó máa mí. Hájíà fi ìka méjì fa ọ̀rá náà.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀rá ni, mà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Kó... kó má baà dọ̀tí ni, mà."

Hájíà fi ọ̀rá náà sílẹ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún. Àwọn ọlọ́sìn ní Adó-Odò ń pariwo pé àwọn adìyẹ ti ń fojú burúkú wo ara wọn. Ó dá wọn lóhùn, lẹ́yìn náà ó pe Fákọ̀yà.

Fákọ̀yà wúkọ́ dé. Àmọ̀dá fi orí ara rẹ̀ ru àpò lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ọkọ̀ tọ́bò sínú ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò. Wọ́n wá fi okùn so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí Hájíà ṣe ń wọ ọkọ̀ iwájú, ó ní, "Fákọ̀yà, iṣẹ́ yìí ti di tìẹ."

Àmọ̀dá sáré tẹ̀ lé Hájíà. Kò ro ti tọ́bò mọ́. Zóbò gbígbóná níwájú ilé nìkan ló ń rí.

"Hájíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí! Ọ̀rá nìkan ni! Mo ti ya á dànù, ẹ jẹ́ ká tún un dán wò!"

"Èmi àti ọkọ̀ ẹ ò ní ìjà. Ìwọ gan-an ni mi ò lè fi adìyẹ àwọn oníbàárà mi lé lọ́wọ́."

Wọ́n wọ́ ọ dé Adó-Odò. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́sìn yin ọkọ̀ ẹ̀yìn, ó ní kò pariwo rárá. Wọ́n tún wọ́ ọ padà, ó di ìdí sítíárì mú, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ Fákọ̀yà. Fákọ̀yà sì rí i pé òun fun fèrè dáadáa nígbà tí wọ́n ń kọjá ní ibùdó. Ojú ti Àmọ̀dá débi pé ó fi fìlà bo ojú, bébà ara fìlà sì ń juwọ́ sí àwọn èèyàn.

Hajarat ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àmọ̀dá wọlé. Kò gbọ́ fèrè, kò gbọ́ orin. Ọkùnrin tó ń hó láàárọ̀ rọra lọ jókòó sórí àga, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún.

"Ṣé ẹ rí iṣẹ́ gbà?"

Àmọ̀dá mi orí.

"Fíríìjì mi ńkọ́?"

Àmọ̀dá yí ìdí padà, àga ké.

"Kúlà ọ̀hún náà ti bàjẹ́?"

"Rárá o," ni Àmọ̀dá wí. "Ṣótúndé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń ṣiṣẹ́."

Hajarat wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó dìde, ó gbé ike zóbò rẹ̀.

"Èmi náà rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ tú u wá fún mi. Ohun tó lè mú yín tutù tó báyìí, ṣé zóbò ni kò wá ní lè mú tutù?"