Ewúrẹ́ Tó Jẹ Jẹ́sì Akínlàbí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló mọ ohun tó bí òwe tí àwọn àgbà máa ń pa pé, "Ẹni tó kọ́kọ́ kíni kò di ọmọdé, àgbà tó dákẹ́ ni ewúrẹ́ jẹ aṣọ ọmọ rẹ̀"?

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ, nítorí kò sí àárọ̀ kan tí mi ò fi í lé yín jáde pé kí ẹ kí aráàlé dáadáa. Ẹ rò pé àròyé ìyá lásán ni. Ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà fa ìlẹ̀kùn dé, kí òtútù má baà mú un. Ìtàn náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í pẹ́ tí ẹ̀rín ọ̀hún fi ń di nǹkan mìíràn láyà mi.

Ní ìlú Àgọ́-Ahùn, kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ló wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀kan wà lórí òkè, èkejì wà létí odò, ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Odò. Bí ẹ bá bi ará ìlú náà léèrè pé irú olùkọ́ wo ló ń jáde níbẹ̀, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé èwo nínú wọn ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, ẹ yáa wá àga jókòó.

Jìnádù káfíńtà, ti Òkè ló ń ṣe. Bánkọ́lé télọ̀, ti Odò. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra, títì ló là wọ́n láàárín, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ní. Jìnádù ló kàn án, Bánkọ́lé ló rán tìmùtìmù orí rẹ̀. Bí oòrùn bá mú lọ́dọ̀ Jìnádù, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì sọ́dọ̀ Bánkọ́lé. Bí oòrùn bá yí, wọ́n á tún gbé e sọdá.

Bánkọ́lé ní ọmọkùnrin kan, Akínlàbí, òun ni aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Odò. Jìnádù kò bí ọkùnrin, Ṣìkírá ọmọbìnrin nìkan ló bí. Èjìká Jìnádù ni Akínlàbí jókòó sí nígbà tó kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù láyé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Jìnádù ló fi ṣe ojú ilé nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù, Jìnádù ló sì ń gbá a sí i, tí yóò máa pariwo pé, "Má dijú! Aṣọ́lé kì í dijú!"

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìdíje parí, máàkì Òkè àti ti Odò dọ́gba. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò ní ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pàdé lọ́jọ́ Sátidé, kí ayé lè mọ ẹni tí ipò kìn-ín-ní tọ́ sí. Ó fi kún un pé ẹni tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ ń bọ̀ wá wo aṣọ́lé Odò. Bí ọmọ náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò mú un lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní padà wá mọ́. Ìyá Akínlàbí gbọ́ èyí, ó gbé ọwọ́ lé àyà, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ náà fi ń parí lọ.

Lórí bẹ́ǹṣì, iyàn ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí la tún ń gbá fún?" Jìnádù ní. "Ta ni kò mọ̀ pé Òkè ló ni ipò kìn-ín-ní? Ṣé o ò rí i bí a ṣe fi gólì mẹ́rin na àwọn ará Ìjòkò-Igbó ni?"

"Àwọn ará Ìjòkò-Igbó!" Bánkọ́lé pàtẹ́wọ́. "Àwọn tó wọ sálúbàtà gbá bọ́ọ̀lù? Àwọn tí aṣọ́lé wọn ń jẹ àgbàdo lójú ilé? Ọ̀rẹ́ mi, màmá mi á na àwọn yẹn, tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀mì lónìí, ọ̀mì lọ́la. Bí wọ́n bá ní kí Odò bá ògiri gbá, ọ̀mì náà ni!"

"Ó sàn kí n bá àgbà ta ọ̀mì ju kí n na ọmọ jẹ́léósinmi."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Jìnádù. Ó dìde. "Ó dáa. Ọmọdé ló ń kí àgbà, àbí irọ́ ni? Ìwọ tó wà nípò kejì ni kó o máa kọ́kọ́ kí mi láti òní lọ. Bí o ò bá kí mi, má bá mi sọ̀rọ̀."

"Èmi? Kí n kọ́kọ́ kí ìwọ?" Bánkọ́lé náà dìde. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu sí ẹnì kejì rẹ̀ ló gbà pé tòun ni kejì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!"

Kálukú kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú títì ni wọ́n ti ń gbé bẹ́ǹṣì sọdá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ sí. Mọ́tò wá ń yà fún bẹ́ǹṣì bí ẹni ń yà fún ọba.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti ká ìlú. Ará Òkè kò kí ará Odò mọ́, ará Odò kò kí ará Òkè. Tọkọtaya kan wà tí ọkọ jẹ́ ti Òkè, tí ìyàwó jẹ́ ti Odò. Bí ọkọ bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó á mọ̀ pé ebi ló ń pa á. Bó bá wú u lẹ́ẹ̀mejì, omi ló fẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì pàdé lórí afárá onípákó tí kò gbà ju ẹnì kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnì kejì yà fún òun gbọ́dọ̀ kí i, ta ni yóò kí? Wọ́n dúró. Òjò bá wọn níbẹ̀. Ìyàwó ọ̀kan gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un lórí afárá, ó sì mu ún lójú ẹnì kejì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò lè tán lẹ́nu aládùúgbò. Jìnádù ní ewúrẹ́ kan tó máa ń rìn kiri láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, ó nílò ayùn rẹ̀ tí Bánkọ́lé yá. Ó bá kọjú sí ewúrẹ́, ó gbóhùn sókè: "Ewúrẹ́, káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lo jí? Jọ̀ọ́, sọ fún ẹni tó yá ayùn mi pé mo fẹ́ lò ó."

Láti òdìkejì, Bánkọ́lé ju èèpo iṣu sílẹ̀. "Ewúrẹ́, káàárọ̀. Gba èyí jẹ. Sọ fún ẹni tó rán ọ pé ayùn ọ̀hún kò mú, bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀."

Bí gbogbo ìlú ṣe rí ọgbọ́n yìí kọ́ nìyẹn. Ilé tí ewúrẹ́ bá yà, wọ́n á kí i, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á sì fi í bá ọ̀tá wọn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi sanra, tó sì mọ̀ dájú pé ẹni tó bá kí òun, oúnjẹ ló ní kí òun jẹ. Kò yà fún kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé wá dé. Bánkọ́lé ti rán jẹ́sì tuntun fún ọmọ rẹ̀, yẹ́lò tó pọ́n bí èso ìyeyè. Ó tilẹ̀ ti tú jẹ́sì àtijọ́ palẹ̀ láti fi gé tuntun, bí àwọn télọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó sì ní ìwà kan: aṣọ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi sítáàṣì gbáguda sí i. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Akínlàbí, ta ló ń fi sítáàṣì sí jẹ́sì bọ́ọ̀lù?" Ó ní òun fẹ́ kó dúró gbọnrangandan, kí ọkùnrin ìpínlẹ̀ lè rí ọmọ òun látòkèèrè. Ó sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé lọ rán fìlà tí òun fúnra rẹ̀ máa dé, ó kẹ̀yìn sí títì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ń dún gbàrà-gbàrà.

Jìnádù ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ rìn lọ sídìí okùn. Ewúrẹ́ gbóòórùn gbáguda. Ó fi ètè tọ́ apá aṣọ náà wò. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Jìnádù la ẹnu. Ó kù díẹ̀ kó ké. Ìgbà náà ló wá rántí. Ta ní í pe ènìyàn láàárọ̀ tí kò ní kí i? Bí òun bá pe Bánkọ́lé, òun ti kọ́kọ́ kí i nìyẹn, Òkè ti di kejì láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an. Bó bá sì sọdá títì lọ lé ewúrẹ́, wọ́n á ní òun ló kọ́kọ́ lọ bá Bánkọ́lé.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Ó wúkọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lọ. Ó fi òòlù lu pákó gbà-gbà-gbà. Bánkọ́lé túbọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Jìnádù wá kọjú sí ewúrẹ́, ó rọra ní, "Ewúrẹ́, káàárọ̀ o. Jọ̀ọ́, má jẹ ẹ́."

Ewúrẹ́ gbórí sókè, aṣọ yẹ́lò ń mì lẹ́nu rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Wọ́n ti kí i. Ó ń jẹ lọ.

"Apá kan ṣoṣo ni," Jìnádù sọ fún ara rẹ̀. "Wọ́n á lẹ̀ ẹ́." Apá kejì lọ. Àyà aṣọ náà lọ. Jìnádù yíjú padà sí pákó rẹ̀.

Nígbà tí Bánkọ́lé jáde, ọrùn aṣọ nìkan ló kù lórí okùn. Ó wo ọrùn aṣọ. Ó wo ewúrẹ́. Ó wo Jìnádù ní òdìkejì títì. Kò lè bú u pàápàá, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló di kejì.

Àyè kò sí láti rán òmíràn, òfin bọ́ọ̀lù sì ni pé aṣọ aṣọ́lé kò gbọdọ̀ bá tàwọn yòókù mu. Ìyá Akínlàbí sáré wọ yàrá, ó gbé búbà léèsì yẹ́lò rẹ̀ jáde, èyí tó fi ṣe ìyàwó, tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí agbọ̀n.

"Wọ̀ ọ́, ọmọ mi."

"Màámi, búbà obìnrin?"

"Ọwọ́ rẹ ni wọ́n á wò, wọn ò ní wo aṣọ." Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Kí ni ì bá tún sọ?

Nígbà tí Akínlàbí wọ pápá, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin ìpínlẹ̀ náà sì yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ṣùgbọ́n eré bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sì ń rọlẹ̀. Ọmọ náà ń fò bí àwòdì, apá búbà ń ṣí bí ìyẹ́. Èyí tó wá lókè, ó mú un. Èyí tó wá nílẹ̀, ó mú un. Láàárín àwọn ará Òkè, Jìnádù bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń pàtẹ́wọ́, ó sáré fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, irú èyí tí arúgbó lè fẹsẹ̀ dá dúró. Akínlàbí bẹ̀rẹ̀, ó kó o mọ́ra. Bọ́ọ̀lù gba apá búbà wọnú aṣọ, ó gba abíyá kọjá, ó lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

"Ó dà?" Akínlàbí ń wo ilẹ̀ kiri. "Bọ́ọ̀lù dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ẹ!" àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ké.

Ó yíjú wẹ̀yìn, kò rí i.

"Ó wà lẹ́yìn ẹ!"

Ó tún yí. Ó sún sẹ́yìn, ó tún yí, ó sún sẹ́yìn, títí tòun ti bọ́ọ̀lù tó pọ̀n fi wọnú ilé lọ. Rẹfirí fọn fèrè. Gólì!

Ọkùnrin ìpínlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú; ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó rántí gbogbo èyí tí ọmọ náà ti mú. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá.

Òkè gba ipò kìn-ín-ní. Jìnádù jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n wá kí òun, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ìyá Akínlàbí ló kọjá, búbà tó ti fàya wà léjìká rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ẹ kú oríire o, Bàbá Ṣìkírá. Ẹ̀yin lẹ ṣe kìn-ín-ní." Kò fi ṣe ẹ̀gàn, ìyẹn gan-an ló dun Jìnádù dénú.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Jìnádù sọdá títì, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. "Bánkọ́lé, káàárọ̀ o. Akínlàbí, ọmọ mi, káàárọ̀. Mo rí i. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí ewúrẹ́ náà."

Akínlàbí sáré dọ̀bálẹ̀ tirẹ̀. "Háà, Bàbá Káfíńtà! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Kí ló dé tí o ò pè mí?" Bánkọ́lé béèrè.

"Ipò kìn-ín-ní ló wà lẹ́nu mi, kò jẹ́ kí ohùn jáde."

Bánkọ́lé fà á dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo gbọ́ ikọ́ rẹ. Ó pẹ́ tí mo ti mọ ikọ́ òtútù rẹ, mo sì mọ̀ pé ìyẹn kọ́. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò yíjú."

Àwọn méjèèjì lọ gbé bẹ́ǹṣì kúrò lójú títì. Akínlàbí di olùkọ́, olùkọ́ dáadáa sì ni. Bí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ kan ló fi ń mú un, kò ní dá ẹ̀kọ́ dúró, kò sì ní dijú.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí òwe náà fi sọ pé "ọmọ rẹ̀", nígbà tó jẹ́ pé Jìnádù tó dákẹ́ kọ́ ló bí i. Bàbá kan ló bí i lóòótọ́, àmọ́ bàbá méjì ló dákẹ́. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ẹ má dúró máa wo ojú ara yín. Ẹni tó kọ́kọ́ kíni kò di ọmọdé. Àgbà tó dákẹ́ ni ewúrẹ́ jẹ aṣọ ọmọ rẹ̀.