Ẹrù Ìyàwó Ráwíyà àti Obìnrin Onífọ́ọ̀mù

Ìlú Máhálà ní Íjíbítì ni, ilé alájà mẹ́rin, òkè pátápátá, ọ̀sán gangan. Màdáàmù Ibtihál, tí iléeṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba rán wá wo ilé àwọn tó ń tọrọ owó arúgbó, ti gun àtẹ̀gùn débẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lábíyá. Ráwíyà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, ṣílẹ̀kùn fún un, díẹ̀ ló kù kí páálí kan já lù wọ́n lórí.

"Kí nìyí? Ilé ni àbí ṣọ́ọ̀bù?"

"Ilé ni, Màdáàmù. Ẹ káàbọ̀, ilé yín ni. Ẹ fẹ̀gbẹ́ wọlé, kí báàgì yín má kan bílẹ́ńdà."

Bírò ti jáde. "Bílẹ́ńdà, ọ̀kan."

"Mẹ́ta ni, Màdáàmù."

"Mẹ́ta! Kí lẹ ń lọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"A ò lọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, wọn ò tíì jáde nínú páálí."

"Orúkọ ìyá?"

"Àlàájà Fikríyà."

"Àlàájà! Ta ló sanwó Mẹ́kà?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbogbo arúgbó ìlú yìí là ń pè ní Àlàájà. Ìyá mi ò dé Tántà ìtòsí yìí rí, ká má tíì sọ Mẹ́kà."

"Èmi mọ̀. Fọ́ọ̀mù ni kò mọ̀." Ó ń kọ ọ́, ó ń kà á síta: "Ó... ti... rìnrìn àjò... lọ sókè òkun."

"Màdáàmù, ó pé ọdún méjì tí kò tíì rìn dé ilé ìtọ̀!"

"Ìyẹn wà lójú ewé kejì. Má da iṣẹ́ rú mọ́ mi lọ́wọ́. Fíríìjì mélòó?"

"Méjì."

"Òtòṣì onífíríìjì méjì! Ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún omijé?"

"Ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Èkejì, ẹrù ìyàwó mi ni. Gbogbo páálí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ẹrù tí màá kó lọ sílé ọkọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí ìyá mi ra àwo àkọ́kọ́. Ó ń dá èésú, ó ń rà á síbẹ̀. Ìyá wo ló bímọ obìnrin ní Máhálà tí kì í rà á?"

"Èmi mọ̀."

"Fọ́ọ̀mù ni kò mọ̀."

"Má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi! Ọkọ dà?"

"Mẹ́ta ló wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìyá mi ò gbọdọ̀ bá wa gbé. Ẹnì kejì ní òun gbà kó bá wa gbé, bó bá lè máa dáná. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ wojú èmi tàbí ìyá mi, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló tẹjú mọ́."

"Ìyẹn ló gbọ́n jù nínú wọn. Aṣọ ìnura mélòó?"

"Ogójì."

Bírò dúró. "Ogójì. Fún ẹni méjì. Èmi tí mò ń gbowó oṣù, mẹ́rin ni mo ní, ọkọ mi sì ń lo mẹ́ta níbẹ̀! Kí lẹ fẹ́ nù tán?"

Ráwíyà gbé tíì wá nínú ìgò jáàmù. Màdáàmù Ibtihál wo ìgò náà bí ẹni tí wọ́n gbé eku fún.

"Ìgò jáàmù? Mo rí àwòrán ife lára páálí yẹn. Ife méjìléláàádọ́rin!"

"Ìyá mi ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi la máa kọ́kọ́ fẹnu kàn án."

"O fẹ́ kí ìjọba fún ọ lówó, ìjọba wá bá ọ nílé, o fi ìgò jáàmù ṣe é lálejò."

"Ṣúgà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Màdáàmù."

"Mẹ́rin?" Ó gbà á. Ó mu ún. Ó fi ọwọ́ kejì kọ ọ́ pé: ṣúgà ò wọ́n wọn. "Níbo lò ń sùn?"

"Lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àyè ò sí níbòmíì."

"Ó ń sùn lórí ohun ìní rẹ̀. Dáadáa. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lójú fèrèsé yẹn ńkọ́?"

"Ohun tá a fi ń jẹun nìyẹn. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi ṣubú. Ní báyìí mò ń ká etí aṣọ fáwọn oníṣọ́ọ̀bù, iye tí mo bá ká ni wọ́n ń san. Bí wọ́n bá gbé ogún wá, kí n tó ká márùn-ún, ìyá mi á ní kí n wá yí òun padà."

"Iléeṣẹ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ mélòó?"

"Èmi nìkan."

"Ọ̀gá mélòó?"

"Ọ̀kan. Ó wà lórí ibùsùn."

Màdáàmù Ibtihál ò rẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù ò láyè fún ẹ̀rín. Ráwíyà jókòó sórí páálí ìkòkò, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Ìlédìí ni mo fẹ́ fowó yẹn rà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ mi ni mò ń fà ya sí i nídìí. Méjì ló kù: èyí tó wà lọ́rùn mi, àtèyí tí màá wọ̀ bí mo bá fa èyí ya."

"Ta ẹrù."

"Mo gbé ìkòkò kan jáde lọ́dún tó kọjá. Ìyá mi gbọ́ ìró páálí. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó ní ọjọ́ tí mo bá tà á ni mo gbà pé òun ló jẹ́ kí n gbó sílé."

Màdáàmù Ibtihál wo inú ìgò jáàmù. "Ṣé tíì ṣì kù?"

"Ó ti tán."

"Hẹn. Ó dáa, jẹ́ ká parí ẹ̀. Ẹrù yìí, tìẹ ni àbí ti ìyá ẹ?"

"Tèmi."

"Ìyá ẹ ò ní nǹkan kan ńbẹ̀?"

"Kò ní ṣíbí kan."

"Ó parí! Ìyá ẹ, aláìní ni, ṣùgbọ́n ó ń bá olówó gbé. A kì í fún ẹni tó ń bá olówó gbé ní nǹkan kan."

"Èmi ni olówó?"

"Ṣé èmi ló sọ ọ́ ni? Ká ní o ò sí ńbí, ká ní mo bá arúgbó nìkan lórí ibùsùn, kò lọ́mọ, kò lárá, lónìí yìí gan-an ni mo máa buwọ́ lù ú. A ó tún fi owó olùtọ́jú lé e."

"Owó olùtọ́jú, fún ẹni tí kò ní olùtọ́jú?"

"Ẹni tó ti ní, kí ló tún fẹ́ fowó ẹ̀ ṣe?"

Ráwíyà gba ìgò tó ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. "Arúgbó tẹ́ ẹ bá bá lóun nìkan yẹn, ṣé ẹ máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé ẹranko la jẹ́ ni? Òfin wà. Òṣìṣẹ́ tó bá bá arúgbó lóun nìkan nílé kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí èèyàn á fi dé. Ẹni bá dán an wò, iṣẹ́ bọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ní òfin yẹn."

Ráwíyà dìde. Ó wọ bàtà. Ó so ìborùn rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo ti kó jáde."

"Kó jáde lọ síbo?"

"Olówó ni mí, Màdáàmù. Ibi tí màá lọ pọ̀."

"Ráwíyà! Ilé mẹ́fà ló kù tí màá wò lónìí!"

"Ẹ tètè gbọ́ èdè rẹ̀, nítorí kì í pariwo. Bó bá fi ṣíbí kan irin ibùsùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un lómi. Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí i padà." Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn. "Lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ti pẹ́ jù."

Láti inú yàrá: gbàn. Màdáàmù Ibtihál di fọ́ọ̀mù mọ́ àyà. Gbàn. Ó fẹ̀yìn lé bílẹ́ńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbàn!

"Ráwíyà! Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Ta ní ń jẹ́ Ráwíyà? Arúgbó yẹn ò lọ́mọ."

"Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀!"

"Aṣọ ìnura ogójì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

"Kí ni màá wá fi nù ún?"

"Ṣé fọ́ọ̀mù ò gba omi ni?"

Màdáàmù Ibtihál yọrí síta látorí àtẹ̀gùn, gèlè rẹ̀ ti wọ́. "Ọmọ mi àtàtà, máa bọ̀! Mo ti ń kọ ọ́!"

"Kí lẹ kọ?"

"Aláìní! Aláìní paraku!"

"Àwọn páálí ńkọ́?"

"Òfìfo ni wọ́n! Afẹ́fẹ́ ló wà nínú wọn!"

"Olówó tó ń bá a gbé ńkọ́?"

"Kò sí olówó nílé yìí! Mo fi Ọlọ́run búra, òṣì ló ń bá òṣì gbé!"

"Ẹ ti buwọ́ lù ú?"

"Lẹ́ẹ̀mejì!"

Ráwíyà gun òkè bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tí wọ́n ń mú wọlé. Ó gba ẹ̀dà tirẹ̀, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì tì í bọ àyà. Màdáàmù Ibtihál ti fa báàgì rẹ̀, ó ti kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Ó tán, àbí? Èèyàn ti dé, mo lè máa lọ."

"Ẹ dúró ná, Màdáàmù. Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí n di èjìká mú. Ọdún méjì ni ìjọba ti ń sọ pé òun ń bọ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi rí ọwọ́ ọ̀hún kó tó sá lọ."